Fóònù Tó Gbóná Lórí Tábìlì

Ìlà kan wà nínú kóòdù áàpù wa tí mi ò lè gbàgbé títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Ìlà kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lójú kọ̀ǹpútà: orúkọ nǹkan, àmì ìdọ́gba, nọ́ńbà, ó tán. 5000 ló yẹ kó wà níbẹ̀. 5 ni mo kọ. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù, èyí tí kì í gbàgbé nǹkan, tí kì í sì í bo èèyàn láṣìírí, sọ pé aago 2:47 òru ni mo kọ ọ́. Ó tún sọ pé ẹnì kejì tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé fọwọ́ sí i ní 2:58. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré. Àwa méjèèjì la ń tòògbé.

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ bí sọ́fítíwíà ńlá kan ṣe jáde káàkiri àgbáyé, ọjọ́ tó jáde ni wọ́n máa ń sọ. Wọn kì í sọ ti oṣù mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni 2:47 ti wá.

Áàpù tí à ń ṣe jẹ́ èyí tí èèyàn méjì tàbí ogún lè fi kọ ìwé kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibi yòówù kí oníkálukú wà. Èyí àtijọ́ wà ní orílẹ̀-èdè díẹ̀. Èyí tuntun, láti ìpìlẹ̀ la ti tún un kọ, wọ́n sì fẹ́ kó jáde ní gbogbo ayé lọ́jọ́ kan náà, ní èdè tó lé ní ọgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ "lọ́jọ́ kan náà" yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ayé kò ní ọjọ́ kan náà. Àwọn erékùṣù kan wà ní Kiribati tí aago wọn fi wákàtí 14 ṣáájú aago àgbáyé tí à ń pè ní UTC; erékùṣù Baker tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni ò gbé, fi wákàtí 12 wà lẹ́yìn. Wákàtí 26 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé lójoojúmọ́, fún nǹkan bíi wákàtí méjì, déètì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń wà lórí ilẹ̀ ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Íńdíà fi wákàtí 5 àti ààbọ̀ ṣáájú UTC. Nepal ní tirẹ̀ fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń fọkàn bá iṣẹ́ lọ. Bí àwọn ọ̀gá bá ní "ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó gbé e jáde", àwa la máa ń bi wọ́n pé Ìṣẹ́gun ta ni.

Mi ò ní purọ́, oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi gan-an. A ń pẹ́ níbi iṣẹ́ nígbà yẹn náà, ṣùgbọ́n pípẹ́ tí ọmọdé ń pẹ́ nídìí eré ni. Ọ̀rọ̀ Jámánì gùn débi pé ó ń yọ orí síta nínú bọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún ni èdè Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe lẹ́tà nìkan la máa yí, gbogbo ojú áàpù ló máa yí padà bí ẹni ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ọfà tó ń tọ́ka síwájú á wá kọjú sí ibòmíì. Lárúbáwá yìí kan náà ní ọ̀nà mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ lè gbà yí padà nítorí iye nǹkan tí à ń kà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ kóòdù àkọ́kọ́ rò pé "ẹyọ kan" àti "ju ẹyọ kan lọ" ti tó gbogbo ayé. Èdè Turkey ní i tó ní àmì lórí, ó sì ní ı tí kò ní. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ ọ̀kan di lẹ́tà ńlá bó ṣe ń ṣe é fún Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ti dà rú nìyẹn, kóòdù tó ń wá ọ̀rọ̀ náà á wá a tì.

Ọjọ́ tó kan èdè tiwa ni mo sọ iṣẹ́ náà di ọ̀rọ̀ ìdílé. Lẹ́tà bíi ẹ́, lójú wa ẹyọ kan ni. Nínú Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀: ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e lórí bí ẹni gbé ẹrù lé arìnrìn-àjò. Áàpù wa ń ka ẹrù mọ́ èèyàn. Abọ́sẹ̀dé, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ méje lójú ẹni tó ń jẹ́ ẹ, di mẹ́sàn-án lójú áàpù. Bí àyè orúkọ bá kéré, ó lè gé e sáàárín ẹ àti àmì orí rẹ̀, ẹ á wà lápá kan ní òfìfo, àmì ohùn á máa dá rìn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọnù sọ́jà. Òru mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Nígbà tí mo rí Abọ́sẹ̀dé ní pípé lójú fóònù, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Màmá pè mí padà, wọ́n ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde ọjọ́. Àwọn oníbàárà gbọ́, àwọn oníròyìn gbọ́, àwa tí a máa ṣe é gbọ́ lẹ́yìn wọn.

Kò sí ẹni tó ní ká má lọ sílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n tì wá mọ́lé. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnì kan á pẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó jókòó tì í á wò ó pé òun kọ́ lòun máa kọ́kọ́ dìde. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹni tó bá gbé báàgì ní aago 7 alẹ́ ti ń rìn bí olè. Ní aago 11 alẹ́, ọ̀gá wa á fi àtẹ̀jíṣẹ́ sójú ibi tí gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Láàárín ìṣẹ́jú kan, èèyàn bí ogún ti dáhùn. Àwọn míì nínú wọn ti sùn. Mo mọ̀, nítorí èmi náà ti ṣe é rí: fóònù á gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí, ojú á là díẹ̀, ọwọ́ á tẹ "ẹ ṣé, sà", ojú á tún padé.

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1983, àwọn tó ń ṣe Macintosh ní Apple ń wọ aṣọ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé wákàtí 90 lọ́sẹ̀ làwọn ń ṣiṣẹ́, àwọn sì ń gbádùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1984, òkìkí rẹ̀ kàn, aṣọ náà sì di ohun ìyangàn títí dòní. Ẹnì kan nínú wa rí àwòrán rẹ̀, ó gbé e sí àárín wa, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ṣírò wákàtí tèmi lọ́sẹ̀ yẹn. 83 ni. Ó dùn mí pé mi ò pé 90.

Ẹnì kan ní kò sí nǹkan níbẹ̀, títẹ kọ̀ǹpútà kò pa ẹnikẹ́ni rí. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti ṣírò ìyẹn ní 2021: wọ́n ní ikú nǹkan bí 745,000 èèyàn ní 2016, nípa rọpá-rọsẹ̀ àti àrùn ọkàn, ni iṣẹ́ wákàtí 55 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ nínú. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìwọ̀n tí èèyàn ń lo oògùn náà fún wa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kó èèyàn mẹ́fà wá láti kún wa lọ́wọ́. Fred Brooks, tó ṣe olórí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá kan tó ń jẹ́ OS/360 ní IBM, ti kọ ọ́ láti 1975 pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó bá ti pẹ́, bí a bá kó èèyàn kún un, ńṣe ni yóò tún pẹ́ sí i. Òun náà ló sọ pé oṣù mẹ́sàn-án ni oyún ń gbà, iye obìnrin yòówù ká fi sídìí rẹ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí láti ilé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀ nígbà táwọn mẹ́fà yẹn wọlé, inú mi dùn bí ẹni rí ìrànwọ́. Ọ̀sán mi wá di tiwọn: ibo lèyí wà, kí ló dé tí tọ̀hún fi rí báyìí, ta ló kọ ọ́, ṣé a lè yọ ọ́? Wọn ò ṣẹ̀ mí. Àmọ́ kóòdù tèmi kó ẹrù rẹ̀, ó lọ máa gbé nínú òru.

Nílé, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé ìwé ló máa ń sọ fún mi, ó sì máa ń gùn, nítorí orí ẹni tó jókòó ti ẹni tó jókòó tì í ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ. Mi ò fo ẹyọ kan rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ohùn sáré ní ìlọ́po méjì kó lè tètè parí, ohùn ọmọ mi á wá máa dún tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí mo ráyè wà nílé, ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ara mi ò sì lélẹ̀, ọwọ́ mi ń wá nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn ni mò ń wá.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Dádì ọmọ mi, ṣé wọ́n máa dá yín padà fún wa tí wọ́n bá lò yín tán?"

Ohun tí mò ń kọ ní 2:47 ni bí fóònù ṣe máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò bá bá sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo fóònù ń bá sọ̀rọ̀, nílé. Kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kó tún kanlẹ̀kùn. Orí mi ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ibi tí mò ń kọ nọ́ńbà sí, mílísẹ́kọ́ǹdù ló ń kà, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́sàn-án gangan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta á rí i. Lóòótọ́ ó ti ṣe àwọn tó jù wá lọ: ní 1999, NASA pàdánù ọkọ̀ òfúrufú Mars Climate Orbiter nítorí pé ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni kóòdù apá kan fi ń ṣírò, tí apá kejì sì ń retí ìwọ̀n mẹ́tíríìkì. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún àwọn mẹ́fà tuntun yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín.

Aago 6 àárọ̀ ni mo ti jí lọ́jọ́ náà. Dawson àti Reid, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí lórí oorun, tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1997: ẹni tó bá ti lo wákàtí 17 láìsùn, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ á máa ṣe bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di wákàtí 24, á tó nǹkan bíi 0.10, èyí tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà fún awakọ̀ lọ. Èmi ti lé ní wákàtí 20. Ká ní ọtí ni mo mu wá síbi iṣẹ́, wọn ì bá lé mi jáde. Àìsùn ni mo mu wá, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́.

Obìnrin kan wà nínú àwọn aláyẹ̀wò wa tó máa ń lọ sílé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, gbèdéke ìbáà kù sí dẹ̀dẹ̀. A ò bá a wí, ta ló máa gbójú bá a wí? A kàn máa ń sọ ọ́ ní ẹ̀fẹ̀ pé "ti àwọn kan yá o", á rẹ́rìn-ín, á ní "ó dàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi", ó ti lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ yẹn kì í jẹ́ ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Òun ló kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan pé: fóònù ìdánwò nọ́ńbà 7, mo gé e kúrò lọ́dọ̀ sáfà lálẹ́ àná, mo gbé e sórí tábìlì, láàárọ̀ yìí ó gbóná, bátìrì rẹ̀ sì ti lọ láti 80 sí 31. Òru ni mo kà á. Mo dáhùn: "Fóònù àtijọ́ ni. Bátìrì rẹ̀ ti gbó." Mo ti ẹ̀sùn náà pa. Láàárọ̀ ó tún un ṣí: "Fóònù nọ́ńbà 6 àti 7, ọjọ́ kan náà la rà wọ́n. Áàpù àtijọ́ ló wà lórí 6, kò gbóná." Ẹ wo iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti ya ohun tó yẹ ní yíyà, ó ti gbé ìdáhùn fún mi sórí àwo, ó ku kí n nawọ́ mú un. Èmi, ní nǹkan bí aago 1 òru, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A ó wò ó lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀." Mo tún ti í pa. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń tì mí lójú jù, ó ju 5 yẹn lọ. Ẹni tó bá ń tòògbé lè ṣi nọ́ńbà kọ. Àmọ́ ẹni tó sùn dáadáa sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì ohun tó rí, mo sì ka oorun tó sùn sí ẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọn kì í gbé irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa kọ́kọ́ rí i, ní orílẹ̀-èdè gbogbo, lẹ́yìn náà ó di 5, 25, 50, títí dé 100. Kanári là ń pe àwọn tó kọ́kọ́ rí i láàárín ara wa, nítorí àwọn ẹyẹ kanári tí àwọn awakùsà èédú máa ń gbé wọ inú ihò láyé àtijọ́: bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀, ẹyẹ ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Àwọn oníbàárà wa ò mọ̀ pé orúkọ wọn nìyẹn.

Ní 1, nǹkan kan ò ṣe. Ní 5, nǹkan kan ò ṣe. Ẹnì kan ti ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. A sún un dé 25 ní nǹkan bí aago 4 òru, ó sì dúró dáadáa, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí à ń kó dátà sí tún ara rẹ̀ tàn, bó ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ogójì yẹn, gbogbo fóònù tó kanlẹ̀kùn tí kò gbọ́ ẹ wọlé dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdù 5, ó tún kan án. Ìyẹn tó ìgbà 200 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́wọ́ fóònù kan ṣoṣo, tí ẹni tó ni ín sì lè máa sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sáfà tó bá dìde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó na ẹsẹ̀. Ìlà tó ń fi iye ìgbà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn hàn wá lójú ẹ̀rọ, tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀, gba òkè lọ ṣánṣán. Ẹ̀rọ tún ìwọ̀n rẹ̀ yà kó lè gbà á, ó tún kọjá.

A dá ìpínkiri dúró. Kò tu irun kan lára rẹ̀. Èyí tó ti wọ fóònù ti wọ̀ ọ́ ná.

Ohun tí a wá ṣe tẹ̀ lé e, bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń fọwọ́ bojú. A pinnu pé àwọn ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì ló kọlù wá. Fún bíi wákàtí mẹ́ta là ń wá ọ̀tá. À ń dí àwọn àdírẹ́sì tó ń kanlẹ̀kùn jù, a sì ń yọ̀ bí a bá ti dí ọ̀kan, láìmọ̀ pé àwọn oníbàárà tiwa là ń ti mọ́ta. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Knight Capital lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń dárúkọ àìsàn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń tà á, ni. Òun ló gbé kóòdù tuntun sórí sáfà méje nínú mẹ́jọ ní 2012, tí ìkẹjọ sì ń lo ti àtijọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ló gbà, owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là ti lọ. Ọ̀gá ní kó dákẹ́.

Ní aago 8 àárọ̀, obìnrin yẹn wọlé. Ó ti wẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́yìn wa, ó wo ìlà tó ń gòkè fún ìgbà díẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó kọjá sídìí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó gbé fóònù nọ́ńbà 7 lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo gbá a mú. Ojú fóònù náà dúdú, kò tan iná, kò dún, ó kàn ń gbóná lọ́wọ́ mi, mo sì mọ ohun tó ń ṣe nínú òkùnkùn yẹn. Mo ṣí kóòdù. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí n tó kan 5.

Kóòdù tó ti wà lórí fóònù onífóònù kì í ṣe ohun tí èèyàn lè nawọ́ fà padà. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé ìtajà áàpù, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, oníbàárà á tún gbà á sórí fóònù rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ohun tó gbà wá sílẹ̀ ni pé fóònù ń gbọ́ràn sí sáfà lẹ́nu tí sáfà bá lè ráyè sọ̀rọ̀. Ìgbà tí kò bá gbọ́ nǹkan kan rárá ló ń lo 5 tèmi. Nítorí náà a gbé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké sẹ́nu ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa sọ fún fóònù kọ̀ọ̀kan pé dúró ná. A ò sì sọ iye kan náà fún gbogbo wọn. Bí gbogbo wọn bá jọ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣe ni wọ́n máa jọ dé ní ìṣẹ́jú kọkànlá. A sọ ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kan, mọ́kàndínlógún fún òmíràn, bó bá ṣe bọ́ sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ìlà ti wálẹ̀. Mo pa 5, mo kọ 5000, obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá wò mí lójú, ó ní kí n lọ sùn kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá kọ ìwé ìdúpẹ́ gígùn sí gbogbo wa tí a ò fojú ba oorun. Orúkọ wa wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lọ sílé ní aago 6 kò sí níbẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo sì fi gbólóhùn kan sí i pé ẹni tó kọ ìlà náà ti lo wákàtí 20 láìsùn, ẹni tó fọwọ́ sí i náà ò sùn. Nígbà tí ìwé náà padà dé ọwọ́ mi, wọ́n ti yọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n fi ìdánwò tuntun kan rọ́pò rẹ̀, tó máa ń wò ó bóyá nọ́ńbà ìdúró kéré jù. Ìdánwò tó dára ni. Èyí tó bá gba ọ̀nà míì wọlé lóru, kò ní rí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà la dé 100. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ìdajì wa wà nínú ìpàdé mìíràn.

Nígbà tí ara balẹ̀, mo ṣí àkọsílẹ̀ yẹn, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́yìn aago 10 alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ó ju ìdajì lọ tí wọ́n ti padà tún ṣe lọ́sàn-án, èmi fúnra mi ni mo sì tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Ọwọ́ òru ń hun, ọwọ́ ọ̀sán ń tú. Mo fẹ́ fi ibẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ojú mi kan òru mẹ́ta Abọ́sẹ̀dé. Kóòdù yẹn ṣì wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ìlà kan nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ pé òru burú, nítorí mo mọ òru tí mo lò nítorí pé nǹkan náà ń pè mí, mo sì mọ èyí tí mo lò kí wọ́n lè rí i pé mo wà níbẹ̀. Ojú kan náà ni méjèèjì ní nínú ìwé wákàtí.

Lókè ìlà tó jẹ́ 5000 báyìí, mo kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kọ̀ǹpútà kì í kà, èèyàn nìkan ló wà fún: "Mílísẹ́kọ́ǹdù ni o. Òru ni mo kọ èyí àkọ́kọ́."

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa dara pọ̀ fi àyípadà kan ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Aago 11:40 alẹ́ ni. Mo wò ó lórí ibùsùn, kò sí àṣìṣe kankan tí mo rí, ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo gbé fóònù sí pálọ̀, mo padà wá sùn. Nígbà tó di aago 9 àárọ̀, mo tún un kà ní ìlà ní ìlà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ lóòótọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Ó wá bá mi nídìí tábìlì, kò fẹ́ kí ó hàn pé inú ń bí òun. "Ẹ̀gbọ́n, mo retí yín títí lálẹ́ àná. Mo tiẹ̀ rò pé ẹ ti sùn ni."

"Mo ti sùn."